Ògún Kọ́ Ni Ó Pa Á: Ọ̀rọ̀ Lórí Eré Àsápajúdé Àwọn Ọlọ́kadà ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

      

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu wa tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí. Bí ọlọ́kadà kan bá sáré àsápajúdé gba Pánṣẹ́kẹ́ kọjá, tí ó bọ́ sí ọ̀nà Ṣágámù tàbí ọ̀nà Èkó, tí ó forí sọ ọkọ̀ akẹ́rù, tí ó sì kú, kí ni àwa ènìyàn máa ń wí? A ó mi orí, a ó ní, "Ògún ló pa á." Oníwàásù yóò gba gbólóhùn náà lẹ́nu wa, yóò gbé e lọ sí orí pẹpẹ, yóò ní àwọn kèfèrí fúnra wọn ti jẹ́wọ́ pé òrìṣà àwọn ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀ lójú títì. Àwa ni a fún un ní ọ̀pá tí ó fi ń nà wá. Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ: irọ́ ni a ń pa mọ́ Ògún, irọ́ náà sì ń pa àwọn ọmọ wa.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Ìrè-Èkìtì. Ògún ti ogun dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó bá àwọn ènìyàn níbi àpéjọ tí a kò gbọ́dọ̀ ti sọ̀rọ̀. Ó kí wọn, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ó gbé agbè ẹmu wò, ó rí i pé òfìfo ni. Ó rò pé wọ́n fi òun ṣẹ̀sín. Kí ó tó béèrè, kí ó tó ro ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì, idà ti jáde nínú àkọ̀, orí ènìyàn sì ti ń bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, tí ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn òun ni òun pa, ó kábàámọ̀, ó sì wọ ilẹ̀ lọ.

Ìtàn yìí kò sọ pé Ògún yọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀. Ó sọ pé Ògún kábàámọ̀. Ẹni tí ó ni irin gan-an ni ó fi hàn wá pé irin lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kánjú a máa pa ará ilé ẹni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá jókòó lórí alùpùpù, tí ó ń sá eré tí ojú rẹ̀ kò lè bá, tí ó sì ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ògún, ohun tí Ògún kábàámọ̀ lé lórí ni ó ń ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òfin ojú ọ̀nà jẹ́ nǹkan òyìnbó tí kò kan ọmọ Ògún, ẹ rán an létí Wọlé Ṣóyínká. Abẹ́òkúta níhìn-ín ni a bí i sí ní 1934, Aké sì ni ó ti dàgbà. Gbogbo ayé mọ̀ pé Ògún ni òrìṣà tí ó yàn láàyò. Eré oníṣe rẹ̀ kan, The Road, tí ó jáde ní 1965, dá lé ikú ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò fi mọ sí inú ìwé. Nígbà tí ọkọ̀ ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ní ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ó wà lára àwọn tí wọ́n ṣíwájú dídá ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Ẹni tí ó fẹ́ràn Ògún ni ó dúró ní títì tí ó ń sọ fún àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n rọra. Kò rí ìjà kankan láàrín méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo eré náà fúnra rẹ̀. Orúkọ tí a fún alùpùpù akérò pàápàá, orúkọ ohun tí ń fò ni. Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ni a ti yá a, nítorí pé ọ̀kadà ń yọ láàrín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bí ẹyẹ. Àwàdà ni nígbà náà. Lónìí, àwọn kan ti gbà á ní òótọ́.

Ìlànà ojú pópó orílẹ̀-èdè yìí fún alùpùpù ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Ní ìwọ̀n yẹn, alùpùpù ń kọjá nǹkan bí mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá di 100, ó di mítà 28. Bí ó bá di 140, tí àwọn alùpùpù ńlá lè sá láìmí, ó di mítà 39. Láti ìgbà tí ojú bá ti rí ewu títí tí ọwọ́ yóò fi fa bíréèkì, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó ń lọ. Bí ọmọ iléèwé kan bá bọ́ sí títì ní Ìfọ̀, ní mítà 30 síwájú ẹni tí ó ń sá 140, yóò ti kọlu ọmọ náà kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan bíréèkì rárá.

Ó tún kù. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára ìkọlù a di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó bá fi 50 kọlu ògiri dà bí ẹni tí ó já bọ́ láti ibi tí ó ga ní mítà 10, òkè ilé alájà mẹ́ta. Ẹni tí ó bá fi 100 kọlù ú dà bí ẹni tí ó já bọ́ láti ibi tí ó ga ní mítà 39. Bí ọmọ kan bá gun orí Àpáta Olúmọ, tí ó sì fò sílẹ̀, ta ni nínú wa tí yóò sọ pé òrìṣà ni ó tì í?

Mo mọ èsì tí àwọn ọ̀dọ́ kan yóò fọ̀. Wọn yóò ní òǹdè wà ní ìbàdí àwọn, ìfúnpá wà lápá àwọn, àwọn sì ti pa ajá fún Ògún. N kò wá síbí láti tàbùkù òògùn tàbí ẹbọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníṣègùn tí ẹ jókòó síhìn-ín ni mo fi ṣe ẹlẹ́rìí: òògùn wo ni ẹ ń fún ènìyàn tí kò ní èèwọ̀? Ẹni tí ó bá jẹ èèwọ̀ òògùn ti sọ ọ́ di ẹrù lásán lára. Mo ní eré àsápajúdé ni èèwọ̀ gbogbo òògùn ojú ọ̀nà. Ẹbọ tí a rú fún Ògún, ẹ̀bẹ̀ ni. Kì í ṣe ìwé àṣẹ tí a fi ń ṣe ohun tí ó wù wá. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ẹni tí ó bá sì lá a, kì í ṣe ọlọ́bẹ̀ ni ó bó o lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ akoto tún kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọlọ́kadà tí kò dé akoto. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ike ọ̀dà, wọ́n fi okùn so ó mọ́ àgbọ̀n. Àwọn èrò pẹ̀lú kọ̀ láti dé akoto tí ọlọ́kadà nà sí wọn. Wọ́n ní bóyá ó ti fi oògùn sí i, kí ènìyàn má baà dé e tán kí ó di àwátì. Ìròyìn náà dé òkè òkun. Orúkọ wa ni ẹ̀rù náà bà jẹ́, nítorí pé àwa ni ayé mọ̀ mọ́ oògùn.

Bẹ́ẹ̀, nínú ẹ̀sìn wa, kò sí òrìṣà tí ó súnmọ́ ènìyàn tó Orí rẹ̀. Àwọn baba wa a máa ṣe ilé fún un, ilé orí, wọn a fi awọ àti owó ẹyọ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Orí inú ni à ń bọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí òde ni ó ń gbé e kiri. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé dídé akoto ń dín ewu ikú ẹni tí ó gun alùpùpù kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ewu ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Ẹni tí ó ń bọ Orí ní òwúrọ̀, tí ó wá gbé orí náà sórí ọ̀kadà láìdé nǹkan kan, kí ni ó bọ?

Kí a má tan ara wa, ebi wà nínú eré yìí. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ni kò ni alùpùpù tí ó ń gùn. Ó gbọ́dọ̀ dá owó fún ẹni tí ó ni ín lójoojúmọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó tí ó kù sí i lọ́wọ́ ti dín, ó sì ń wá bí òun yóò ṣe fi ìrìn kan kún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwa èrò pẹ̀lú a máa ní, "Sáré, mo ti pẹ́." Àwa tí a jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ni a ń ra eré náà. Ní ti àwọn tí ń fi alùpùpù ńlá díje ní títì márosẹ̀, ebi kọ́ ni ó ń lé wọn. Ìyìn ni wọ́n ń wá, àwa ni a sì ń yìn wọ́n.

Kí ni kí a ṣe? Ọmọ Lísàbí ni wá. Ìtàn kọ́ wa pé ariwo kọ́ ni Lísàbí fi gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Àáró ni ó fi bẹ̀rẹ̀: lónìí a ó ro oko tìrẹ, lọ́la a ó ro tèmi, títí àáró náà fi di ọwọ́ kan ṣoṣo. Mo fẹ́ kí a fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mú nǹkan mẹ́rin.

Àkọ́kọ́, kí a má sọ "Ògún ló pa á" mọ́ níbi tí a ti mọ̀ pé eré ni ó pa ènìyàn. Kí a sọ pé eré pa á, kí àwọn ọmọdé tí ń gbọ́ wa lè mọ ohun tí wọn yóò sá fún.

Èkejì, bí ẹnikẹ́ni bá gbé alùpùpù tuntun wá sí ojúbọ Ògún, kí àwòrò kọ́kọ́ béèrè akoto méjì lọ́wọ́ rẹ̀, tirẹ̀ àti ti èrò. Kí ó wo bíréèkì, kí ó wo iná. Lẹ́yìn èyí, kí ẹni náà fi irin búra pé òun kò ní sá ju ìwọ̀n lọ. Ní kóòtù pàápàá, irin ni àwa ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi ń búra, nítorí pé Ògún kì í gba irọ́. Ìbúra tí ó tó fún adájọ́ tó fún ojú ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n wà láàrín wa dá àáró sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ wọn. Bí mẹ́wàá bá ń dá owó díẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹni kan yóò ra akoto tàbí yóò tún bíréèkì ṣe lọ́sẹ̀ yìí, ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí àwọn babaláwo sì sọ ní gbangba pé akoto kì í ṣe ibi tí à ń kó oògùn sí, kí àwọn fúnra wọn máa dé e kí gbogbo ènìyàn rí wọn.

Ẹ̀kẹrin, nígbà ọdún Ògún, kí a pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti àwọn òṣìṣẹ́ TRACE ti ìpínlẹ̀ wa wá sí àárín wa, kí wọ́n bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ níwájú irin. Àti ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọ̀kadà láti Láfẹnwá tàbí Kútọ̀, bí ó bá ti ń sáré jù, ẹ ní kí ó rọra. Bí kò bá gbọ́, ẹ ní kí ó dúró, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ògún ni ó la ọ̀nà nígbà tí àwọn òrìṣà ń bọ̀ wá sí ayé. Ó là á kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹni tí ó bá gun ọ̀nà náà tí ó dé ilé, tí ó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn dé ilé, òun ni ó sin Ògún.

Kí Ògún má ṣe jẹ́ kí irin wa pa wá. Kí Orí wa má kọ̀ wá. Kí àwọn ọmọ tí ó jáde nílé ní òwúrọ̀ padà wálé ní ìrọ̀lẹ́. Àṣẹ.