Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ Ìpàdé Lórí Lílo Column Méjì

 

Ẹ ó rántí ọjọ́ tí a kán íńkì dúdú sára ṣọ́ọ̀kì ní kíláàsì kẹ́místírì, tí a gbé e dúró sínú omi. Omi gòkè, íńkì náà sì tú sí oríṣiríṣi àwọ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣì ń ṣe. Liquid chromatography lorúkọ rẹ̀. Dípò ṣọ́ọ̀kì, ọ̀pá irin tí a ki ìyẹ̀fun sí, tí à ń pè ní column, la fi pọ́ńpù ti oògùn olómi gbà. Èròjà tó bá lẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun á pẹ́ jáde, èyí tí kò lẹ̀ á yára. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń jáde, ẹ̀rọ á yà á bí òkè kékeré sójú kọ̀ǹpútà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé èròjà méjì lè bọ́ sábẹ́ òkè kan náà. Ìwé àyẹ̀wò á ní oògùn mọ́, bẹ́ẹ̀ kò mọ́. Aláìsàn ló sì máa gbé e mì.

Ìdí nìyí tí a fi ń lo column méjì. Kì í ṣe àbá tuntun. Ní 1944, Consden, Gordon àti Martin fi bébà ṣe é: olómi kan gùn ún lápá kan, wọ́n yí bébà náà, òmíràn gùn ún lápá kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní láàbù, kí ẹ tó náwó, ẹ gbọ́ nǹkan mẹ́rin.

Èkíní, kí column méjèèjì má ronú bákan náà. Ẹlẹ́rìí méjì tó gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n.

Èkejì, column kejì gbọ́dọ̀ yára. Bí a bá fẹ́ yẹ gbogbo rẹ̀ wò, à ń gé òkè kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohun tí a ti yà á tún dàpọ̀. Òkè tó gba ìṣẹ́jú 2, tí a gé sí mẹ́rin, ìṣẹ́jú àáyá 30 péré ló fún column kejì láti ṣiṣẹ́, kó sì fọ ara rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta, loop, ìyẹn páìpù tíńrín tó ń gba olómi dúró láàárín méjèèjì. Bí máíkírólítà 50 bá ń sàn níṣẹ́jú kan, 25 ló máa wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ má ra ti 25 o, ẹ mú ti 40. Olómi àárín páìpù ń sáré ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, á ti máa dànù kí loop tó kún.

Ẹ̀kẹrin ló fìyà jẹ èmi alára. Acetonitrile pọ̀ jù nínú ohun tí mo tì sínú column kejì, gbogbo èròjà sì gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bá ẹ̀rọ jà, ẹ̀rọ ò sì jẹ̀bi. Ìgbà tí mo bomi là á kó tó wọ column kejì ni gbogbo rẹ̀ tó yanjú.

Bó bá jẹ́ òkè kan ṣoṣo lẹ ń fura sí, ẹ gé ìyẹn nìkan lọ sí column kejì. Iṣẹ́ á fúyẹ́, ọkàn á sì balẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ṣọ́ọ̀kì yẹn ò ṣòfò.