Ọkọ̀ Ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ Láàrin Erin àti Erinmi



Òkun ni a mọ̀ pé odò ńlá máa ń ṣàn lọ. Ṣùgbọ́n odò kan wà ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà tí kì í dé òkun. Okavango ni orúkọ rẹ̀. Láti orí òkè ilẹ̀ Àǹgólà ni ó ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó gba Nàmíbíà kọjá, ó sì wọ Bòtswánà, níbi tí ó ti tẹ́ rẹrẹ bí ẹní sórí iyanrìn aṣálẹ̀ Kàlàhárì. Oòrùn a fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, iyanrìn a sì mu ìyókù.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni omi yìí ń kún jù. Òjò tí ó rọ̀ ní Àǹgólà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ń rìn jẹ́jẹ́ fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí yóò fi dé, igbó àyíká ti gbẹ, òùngbẹ sì ti lé erin, ẹfọ̀n àti ìgalà wá sí etí omi, pẹ̀lú kìnnìún tí ń ṣọ́ wọn. Nítorí àtirí wọn ni àlejò fi ń ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wá.

Mọ́tò kò lè wọ ibi púpọ̀ nínú àbàtà náà, nítorí náà ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní mokoro ni wọ́n ń wọ̀. Àlejò méjì a jókòó sílẹ̀ nínú rẹ̀, atukọ̀ a dúró ní ìdí ọkọ̀, a sì máa fi ọ̀pá gígùn ti ìsàlẹ̀ omi. Àwọn ará wa Ìlàjẹ kò ní pe èyí ní ohun tuntun. Àwọn Bayei ni òkìkí wọn kàn jù nínú iṣẹ́ náà, àwọn obìnrin sì wà lára àwọn atukọ̀ òde òní.

Ẹ má ṣe rò pé eré ni. Erinmi lè dojú ọkọ̀ dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibú ni ó sì máa ń wà lọ́sàn-án, nítorí náà etí omi tí kò jìn, láàrin koríko àti òṣíbàtà, ni atukọ̀ ń gbà. Bí ó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú, a dúró, tàbí kí ó wá ọ̀nà mìíràn. Púpọ̀ nínú wọn kì í mú ìbọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá sọ̀ sí erékùṣù láti fi ẹsẹ̀ rìn, atukọ̀ ni ń ṣáájú, tí ń wo ipa ẹsẹ̀ tí ó sì ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Àlejò tí ó bá rí ẹranko kò gbọdọ̀ sáré.

Odidi igi ńlá ni wọ́n ń gbẹ́ fún ọkọ̀ kan látijọ́. Nítorí kí igi má baà tán, fáíbàgíláàsì ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn nísinsìnyí. Àwọn kan ń dárò ti igi. Èmi kò sí lára wọn.

Ní 1963, kí Bòtswánà tó gba òmìnira ní 1966, àwọn Batawana, lábẹ́ adelé ọba wọn obìnrin, Ìyáàfin Pulane Moremi, rí i pé ọdẹ ń pa ẹran run, wọ́n sì yà lára ilẹ̀ tiwọn sọ́tọ̀ fún ẹranko. Ó yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi í pamọ́ pé àwọn ìdílé Basarwa kan tí ń gbé ibẹ̀ ní láti ṣí kúrò, àti pé títí di òní erin ń wọ oko àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà. Ẹni tí ó ń ru ẹrù ni ó yẹ kí ó jẹ nínú èrè. Ní àwọn ìletò kan lẹ́bàá Maun, ẹgbẹ́ ará ìlú fúnra wọn ni ń gba owó lọ́wọ́ àlejò, àwọn atukọ̀ a sì máa ṣiṣẹ́ ní yíyípo kí ó lè kárí.

Ní 2014 ni UNESCO kọ orúkọ àbàtà yìí sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé, ìwé kan náà tí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wọ̀ ní 2005.

Omi náà kò sí ní ìkáwọ́ Bòtswánà nìkan. Bí àwọn tí ó wà lókè odò bá sé e, ọkọ̀ yóò gúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Ìdí nìyí tí ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1994 láti máa jíròrò lórí odò náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ ipa rẹ̀, máàpù Áfíríkà wà lára ògiri yìí. Láti Àǹgólà ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.