Omi Òkun Nínú Oko Tòmátì

Ẹni tí ń gbé etí òkun mọ̀ pé omi òkun kì í ṣe ohun tí à ń bù sí ìdí ọ̀gbìn. Síbẹ̀, ní Chtouka, nítòsí Agadir ní ilẹ̀ Mòrókò, láti ọdún 2022 ni àwọn àgbẹ̀ ti ń fi omi òkun tí a ti yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò bomi rin oko. A kọ́ ilé-ẹ̀rọ náà láti máa pèsè lítà mílíọ̀nù 275 lóòjọ́: mílíọ̀nù 125 jẹ́ ti oko tí ó tó hẹ́kítà 15,000, ìyókù sì jẹ́ ti àwọn ará ìlú.

Kì í ṣe fáàrí ni ó sún wọn débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi fa omi kànga ju èyí tí òjò lè dá padà lọ. Bí omi abẹ́ ilẹ̀ sì ti ń lọ sílẹ̀ ni ti òkun ń wọlé rọ́pò rẹ̀.

Owó ni ọ̀rọ̀ wà. Ní Kádáwà ní ìpínlẹ̀ Kánò, omi tí a sé ní Tiga a máa ṣàn wá sínú oko. Ti òkun kì í ṣàn gòkè lọ́fẹ̀ẹ́. Tipátipá ni ẹ̀rọ fi ń tì í gba inú asẹ́ tí kò jẹ́ kí iyọ̀ kọjá, ẹgbẹ̀rún lítà a sì máa gba yúnítì iná mànàmáná mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èédú ni ó sì ń mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná Mòrókò wá. Lẹ́yìn tí ìjọba ti dá sí owó náà, omi náà ṣì wọ́n fún àgbẹ̀. Tòmátì tí ń lọ sí ọjà Yúróòpù lè ru ẹrù yìí. Ọkà báálì tí tálákà gbìn fún oúnjẹ ilé rẹ̀ kò lè rù ú. Ẹni tí kànga rẹ̀ kò sì tíì gbẹ yóò máa wò ó pé tirẹ̀ dínwó. Bí kò bá sí ẹni tí ń ṣọ́ àwọn kànga, méjèèjì ni wọn yóò máa fà pọ̀.

Òkun náà kò ṣàì jìyà. Nínú 100 lítà tí a fà, èyí tí ń di omi dídùn kò tó ìdajì. Ìyókù, tí iyọ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ni a ń dà padà. Ó wúwo, a sì máa rì sórí àwọn ohun abẹ̀mí tí ń gbé ìsàlẹ̀ òkun, àfi bí a bá fọ́n ọn ká dáadáa.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Mòrókò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èyí tí ó tóbi ju ti Chtouka lọ, nítòsí Casablanca; apá kan omi rẹ̀ yóò lọ sí oko. Ohun tí àwa yóò fẹ́ gbọ́ ni iye kànga tí wọn yóò dí nígbà tí omi náà bá dé.