Ọmọdé àti Ajá Ilé

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo bá dé lónìí. Kì í ṣe ajá ọdẹ inú àlọ́. Ajá tí ó sùn sẹ́nu ọ̀nà yín yẹn gan-an ni.

Ajá kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, síbẹ̀ ó máa ń kìlọ̀. Bí ó bá tẹ etí mọ́ orí, tí ó ń kùn, tí ó sì ń fi eyín hàn, ohun tí ó ń wí ni pé, "Ẹ fi mí sílẹ̀." Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú gbogbo ajá tí ó bá ń ju ìrù ni ó dùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ajá tí ara rẹ̀ le, tí ó na ìrù sókè tí ó ń mì ín díẹ̀díẹ̀, kò pè yín ṣeré.

Ẹ má fọwọ́ kan ajá tí ń jẹun, ìbáà jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ gbé oúnjẹ fún un. Èyí tí ń fún ọmọ lọ́mú ńkọ́? Ìyá wo ni àlejò ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ tí ó ń rẹ́rìn-ín? Bí ajá bá ń sùn, ẹ dúró lókèèrè, kí ẹ pè é lórúkọ. (Àwọn baba wa a máa fi òwe sọ ajá lórúkọ, kí aládùúgbò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ní í sọ fún un. Ìjà yẹn kò kan ajá.)

Bí ajá tí ẹ kò mọ̀ bá ń bọ̀, ẹ má sáré, nítorí ohun tí ń sá ni ajá ń lé. Ẹ dúró bí igi, ẹ má wò ó lójú. Bí ó bá gbé yín ṣubú, ẹ ká jọ bí ìgbín, kí ẹ fi ọwọ́ bo etí àti ọrùn.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí ju ọgbẹ́ eyín lọ. Inú itọ́ ajá ni àrùn dìgbòlugi ń gbà wọ ara ènìyàn. Ó lè sá pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fara hàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ń yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ó ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dún káàkiri ayé, nǹkan bí 4 nínú 10 wọn sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15.

Bẹ́ẹ̀ ni a lè dá a dúró kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1885, ìyá Joseph Meister, ọmọ ọdún 9 tí ajá dìgbòlugi bù jẹ, gbé e lọ bá Louis Pasteur ní Paris. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ajá bù ú jẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní abẹ́rẹ́. Ọmọ náà yè.

Ìyá yẹn kò jẹ́ kí ọjọ́ gorí ọjọ́. Ọmọ tiwa kì í sọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní "Ajá bù mí jẹ", ohun tí òun yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni "Kí lo wá lọ sọ́dọ̀ ajá?", pàṣán ni yóò sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ó fi ṣòkòtò bo ọgbẹ́. Ẹ sọ fún ọmọ yín lálẹ́ òní pé kò sí ẹgba fún ẹni tí ó bá wá jẹ́wọ́ pé ajá tàbí ológbò bu òun jẹ, ìbáà jẹ́ òun ni ó tọ́ ọ.

Bí ó bá sọ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Ẹ má fi epo, ata tàbí irun ajá sí i. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọmọ sì gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. Ẹ má yára pa ajá náà. Bí ó bá ṣeé so, ẹ so ó, kí dókítà ẹran máa wò ó fún ọjọ́ 10. Ṣùgbọ́n kí ọmọ má dúró de ọjọ́ 10 náà.

Ajá pàápàá ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀, láti nǹkan bí oṣù 3 tí a ti bí i, a sì máa ń tún un gbà. Káàdì rẹ̀, ẹ fi í sí ibi tí ìwé ìbí ọmọ wà.