Odò Kò Mọ Ọgbà: Ìrìn-àjò Afẹ́ Tí Kò Ní Ba Ìgbèríko Jẹ́

[OHÙN: Ìlù àti orin ọdún Ọ̀ṣun. Ó lọ sókè díẹ̀, ó wá rọlẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀.]

OLÓÒTÚ: Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, bí ọdún Ọ̀ṣun ṣe ń kanlẹ̀kùn ní Òṣogbo, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ké gbàjarè pé kí àwọn èèyàn má ṣe mu omi odò náà. Omi tí àwọn olùsìn ń pọn lọ sílé fún ìwòsàn, tí àwọn tó ń wojú Olúwa fún ọmọ ń mu, òun ni wọ́n ní ó ti léwu. Síbẹ̀, èrò wọ́ wá. Wọ́n sanwó mọ́tò, wọ́n sanwó òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ya fọ́tò létí odò.

Ìbéèrè tá a gbé dání lónìí ni pé: kí ló yẹ ká rí ká tó gbà pé ìrìn-àjò afẹ́ sí ìgbèríko kò ba ìgbèríko jẹ́?

[OHÙN: Mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ ní ojú títì Ìjú. Ó rọlẹ̀.]

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Ìfàkò-Ìjàyè ní Èkó ju bá a ṣe rò lọ. Bí ìsinmi bá dé, ọ̀pọ̀ wa máa ń sá fún èéfín Ìkẹjà àti Agége, a gba òkè Olúmọ lọ, a gba Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tàbí Ìkógòsì lọ. Ṣùgbọ́n àwọn odò òkè lọ́hùn-ún náà ń bọ̀ wá bá wa nílé. Omi tí ilé-iṣẹ́ omi Ìjú ń fà láti Akútè, odò Ògùn ni. Ẹ̀bá Ṣakí ló ti gbéra, ó gba Ọgbà Ìpamọ́ Ọ̀yọ́-Ilé, ó la Abẹ́òkúta kọjá kó tó kàn wá. Ọ̀ṣun pẹ̀lú, láti Ìgèdè-Èkìtì, ọ̀sà Lẹ́kí ló ń já sí.

[OHÙN: Ẹyẹ àti ọ̀bọ nínú igbó.]

Ẹ jẹ́ ká wọ Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Hẹ́kítà 75 péré ni, síbẹ̀ nǹkan bí 400 irú ewéko ló wà níbẹ̀, tí èyí tó lé ní 200 nínú wọn wúlò fún oògùn. Èèwọ̀ ló pa á mọ́: wọn kì í pẹja níbẹ̀, wọn kì í dẹ̀gbẹ́, wọn kì í gé igi. Nígbà tí agbára èèwọ̀ rẹlẹ̀ láyé ìjọba òyìnbó, wọ́n gé igi lulẹ̀, wọ́n fi igi tíkì rọ́pò wọn lápá kan, ọdẹ àti apẹja sì wọlé. Àwọn olùsìn ló dìde sí i, pẹ̀lú Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àdùnní Olóòrìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí. Wọ́n tún ojúbọ kọ́, wọ́n mọ ère, wọ́n kọjú ìjà sí àwọn agégi. Ní 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ní 1992, ó kan gbogbo rẹ̀. Ní 2005 ni UNESCO tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé.

Ẹ ṣàkíyèsí bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra. Ààbò ló ṣáájú, àlejò ló tẹ̀ lé e. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ń dá sílẹ̀ lóde òní, òtẹ́ẹ̀lì ló ń ṣáájú. Wọ́n á ṣán igbó kanlẹ̀, wọ́n á da kọnkéré, wọ́n á fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun géètì, wọ́n á kọ ọ́ sí pátákó pé àwọn fẹ́ràn àyíká. Jẹnẹrétọ̀ tó ń mu dísù á sì máa bú lẹ́yìnkùlé tọ̀sán-tòru.

[OHÙN: Ṣọ́bìrì ń gbẹ́ ilẹ̀, omi ń ṣàn.]

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ Òṣogbo kò dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà. Àwọn awakùsà ń fọ erùpẹ̀ nínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn sínú Ọ̀ṣun, ẹrẹ̀ àti èròjà olóró sì ń bá omi lọ. Owó géètì igbó kò lè fọ irú odò bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣọ́ igbó náà nípasẹ̀ àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù. Ìjọba àpapọ̀ kan náà ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà, tó sì yẹ kó mú àwọn tí kò gbàwé. Bí apá ọ̀tún àti apá òsì ìjọba kò bá fikùn lukùn, ìpolówó ọdún Ọ̀ṣun ń pe èrò wá wo odò tó ń ṣàìsàn ni.

Ní ti iye èrò àti owó tí wọ́n ń mú wá, ẹ wo Rwanda. Àlejò mẹ́jọ péré ló lè lọ wo agbo ìnàkí kan lójúmọ́, fún wákàtí kan. Láti 2017, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí àwọn ọgbà ìpamọ́ ń pa ló ń lọ sọ́dọ̀ àwọn abúlé tó yí wọn ká. Abúlé tó ń jẹ èrè ìnàkí yóò bá ọgbà ṣọ́ ọ. A kò lè ní kí olùsìn má wá sọ́dún òrìṣà rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá èrò lọ polówó ọjà lè sanwó kíkó ìdọ̀tí àti títọ́jú odò.

[OHÙN: Fèrè ọkọ̀ ojú irin.]

Ó ku tiwa. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021, ń dúró ní Agége. Ẹni tó ń lọ sí Olúmọ lè wọ̀ ọ́ dé Abẹ́òkúta láìjó epo mọ́tò tirẹ̀. Láti oṣù Kìíní 2024 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ike funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí. Ẹ má wá gbé e lọ sí abúlé tí ọkọ̀ akólẹ̀ kì í dé.

Kí ẹ tó sanwó níbikíbi, ẹ bi wọ́n pé: ibo ni omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín ń ṣàn sí? Èèyàn mélòó lẹ ń gbà lóòjọ́? Èló ló ń kan àwọn onílẹ̀ nínú owó yìí? Kí lẹ sì ń ṣe sí ohun tó ń bá omi bọ̀ láti òkè? Ibi tí wọn kò bá ti rí èsì fọ̀, ẹ kówó yín padà sápò, kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti rí i fọ̀.

[OHÙN: Orin ètò. Ó parí.]