Òrùlé Gbọ̀ngàn Wa àti Àwọn Ará Àdúgbò

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí pákó òrùlé gbọ̀ngàn wa, nítorí pé òun ni mò ń tà. Ṣùgbọ́n pákó nìkan kọ́ ni à ń fi kọ́lé ní ẹ̀yìn odi.

Ẹ má rò pé ìwé ilẹ̀ ti tó. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n gómìnà kọ́ ni yóò máa gbọ́ ariwo òòlù wa. Kí a tó já pákó sílẹ̀, kí àwọn àgbà wa lọ kí Mai Unguwa, kí wọ́n sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àwọn káfíńtà. Ilé àwọn ẹlẹ́hàá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Odi wọn ga, ṣùgbọ́n kò ga tó òrùlé wa. Wọ́n ní àlejò lójú ńlá, kò fi ríran. Èyí tó bá gun òrùlé ń ríran jù! Kí a ránṣẹ́ sí baálé ilé kọ̀ọ̀kan lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Láàárọ̀, kí káfíńtà ké gááfárà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan àkàbà, kí àwọn obìnrin lè ráyè wọlé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí agogo 12 bá ti lù, kí òòlù dákẹ́ títí wọn yóò fi kírun tán. Ṣebí àwa náà ní Mùsùlùmí nínú ẹgbẹ́.

Àwọn obìnrin Gbagyi tí a bá gbà láti ru yanrìn, èjìká ni wọ́n fi ń ru ẹrù, kì í ṣe orí. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò dára. Igi òrí méjì tó wà lórí ilẹ̀ náà, ẹ má gé wọn. Àwọn obìnrin àdúgbò ti ń ṣa èso wọn kí a tó dé.

Ní ti pákó, ẹ má jẹ́ kí a kan án ní tútù. Bí ọyẹ́ bá mú un, yóò lọ́, ìṣó yóò sì tú. Kí a tò ó síbi ibòji, kí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀, lẹ́yìn náà kí a fi oògùn ikán kùn ún.

Owó tí a bá dá lónìí ni yóò sọ bóyá a ó kan pánù kí òjò oṣù kẹrin tó dé. Mo fi pákó tú-báì-fọ́ọ̀ 40 sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kù sọ́wọ́ yín.