Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ọ̀rọ̀ Lórí Àìsàn Ojú Tó Ń Padà Wá

 

Láti àárọ̀ làwọn kan nínú yín ti ń bi mí pé, "Apoògùn, kí ló ṣe ojú òsì ẹ?" Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ ní gbangba. Ojú náà pọ́n, ó ń ta mí, ó ń ṣomi, n kò lè wo ìmọ́lẹ̀. Èmi tí mò ń ta oògùn fún aráyé, n kò lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Orí àtẹ ara mi ni mo ti mú oògùn ìkán-sójú tó ní sitẹ́rọ́ọ̀dù nínú, mo ń kán an. Pípọ́n náà lọ lóòótọ́, àṣé egbò ń jẹ ojú lọ lábẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà wá. Àpá funfun tí ẹ ń wò yìí ló kù.

Herpes simplex ni wọ́n ń pe kòkòrò náà. Òun náà ló ń mú egbò wẹ́wẹ́ yọ sí ètè lẹ́yìn ibà. Bí ojú bá san, kòkòrò ò kú. Ó sá pamọ́ sí ìdí iṣan tó wá sí ojú, ó ń dúró de ọjọ́ mìíràn. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò lè tán léèékánná.

Ṣé a lè dá a dúró kó tó padà ni? Àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà dán an wò. Wọ́n kó ènìyàn 703 jọ, tí àìsàn náà ti ṣe láàárín ọdún kan ṣáájú, tí ojú wọn sì ti san. Ìbò ni wọ́n fi pín wọn. Apá kan ń lo acyclovir, 400 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, fún oṣù 12. Apá kejì ń lo hóró tó jọ ọ́, tí kò ní oògùn nínú. Aláìsàn ò mọ èyí tóun ń lò, dókítà tó ń yẹ ojú wò náà ò mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìfẹ́ inú rẹ̀ dájọ́.

Èsì jáde ní 1998. Nínú 100 tí kò rí oògùn, àìsàn padà sí bí i 32 lójú láàárín ọdún náà. Nínú àwọn tó lò ó, 19. Èyí tó ń wọ inú awọ dígí ojú lọ ló léwu jù. Lára àwọn tó ti ní irú rẹ̀ rí, ó padà sí 28 nínú 100 láìsí oògùn, 14 pẹ̀lú oògùn. Ìdajì géérégé! Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá oògùn dúró, ààbò náà parí. Ó ń dè é mọ́lẹ̀ ni, kò pa á.

Ẹ má wí pé mo ní kí ẹ lọ ra acyclovir o. Kì í ṣe gbogbo ojú pípọ́n ni ti herpes, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò sì dára gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Sitẹ́rọ́ọ̀dù pàápàá wúlò lọ́wọ́ dókítà ojú tó fi oògùn kòkòrò tì í lẹ́yìn. Lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ ojú wò, ewu ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ máa ń sọ fún wa pé ká ka ìbéèrè ká tó dáhùn. Èmi dáhùn kí n tó kà á, ojú mi ló san owó rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú tó bá pọ́n, tó ń dunni, tí ìríran rẹ̀ ń ṣú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.